Obìnrin Tó Kú Tó Tún Ń Fọ Àwo

Apòògùn ju ìwé náà sórí tábìlì bí ẹni ju ẹja tó ti jẹrà nù. "Ẹni tó kọ eléyìí ti mutí yó," ni ó wí, ó sì ń nu awò ojú rẹ̀.

Adìwé, tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, rẹ́rìn-ín sínú. Ohun tó ti ń retí láti àárọ̀ nìyẹn. Yàrá ẹ̀yìn ilé ìkàwé yìí ni ó ti ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán àwọn ìwé tó ti tú, kò sì sí èyí tó fẹ́ràn tó ìtàn yìí: obìnrin kan ṣe ẹ̀rọ kan, ó kó gbogbo ìrántí ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì bi í pé, "Bí mo bá rántí gbogbo ohun tí o rántí, kí ló kù tí o fi jẹ́ ìwọ?" Ẹ̀ẹ̀mejì ni Adìwé ti kà á. Ó mọ ìbéèrè yẹn sórí bí orúkọ bàbá rẹ̀.

Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà. Olórí ilé ìkàwé sì ti ní kí òǹkàwé mẹ́ta pinnu lọ́sàn-án yìí bóyá kó dúró lórí pẹpẹ, tàbí kí wọ́n kó o fún àwọn tó ń fi bébà wé ọṣẹ. Apòògùn kan, tísà kan, alágbàfọ̀ kan! Ewúrẹ́ tí a fún ní ìwé, jíjẹ ni yóò jẹ ẹ́.

Tísà àgbà, tó ti fẹ̀yìn tì, wúkọ́ díẹ̀. Ó ní Apòògùn kò lóye, pé yíyí ni ayé ń yí, pé ìdí nìyẹn tí obìnrin náà fi kú, tó sì tún ń fọ àwo ní orí tó kẹ́yìn. Ó sọ ọ́ títí, ojú rẹ̀ lókè àjà, àfi bí ẹni pé òun ló bí òǹkọ̀wé.

Òpè kejì nìyí, ni Adìwé rò. Ìwé yẹn kò parí sórí àwo fífọ̀, ikú ló parí sí. Ó na ọwọ́ fa ìwé náà kó lè fi hàn wọ́n.

Ó ṣí i dé ẹ̀yìn. Àwo fífọ̀ ló wà níparí lóòótọ́. Ìdì ewé kan ni orí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ń tún ìwé náà rán, tó fi abẹ gé etí rẹ̀ tó ti jẹrà, nọ́ńbà ojú ewé bá a lọ. Ó to àwọn ìdì náà bó ṣe rántí, ọ̀kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rán an mọ́ ẹ̀yìn: orí àwo fífọ̀ yìí ni.

Ìgbà yẹn ni alágbàfọ̀ sọ̀rọ̀, obìnrin tí òórùn ọṣẹ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, tí Adìwé kò tilẹ̀ mọ ẹni tó kọ́ ọ ní ìwé kíkà.

"Kò padà wá," ó ní. "Ẹ̀rọ yẹn ló ń rántí rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi kú, n kò rántí ọ̀rọ̀ ọgbọ́n kankan tó sọ. Bó ṣe ń fún aṣọ ni mo rántí."

Apòògùn gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ìwé náà dúró. Tísà náà gbà.

Ìwé náà ti yè. Ó yẹ kí Adìwé pa ẹnu mọ́. Ṣùgbọ́n kí alágbàfọ̀ wá máa kọ́ òun ní ìwé tí òun mọ̀ sórí? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ má bínú," ó ní, "àṣìṣe ni. Èmi ni mo ṣèèṣì rán orí àwo fífọ̀ yẹn síbẹ̀. Kì í ṣe ibi tó yẹ kó wà nìyẹn."

Apòògùn bú sẹ́rìn-ín. Tísà yí ojú sí fèrèsé. Alágbàfọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra ti ìwé náà sún mọ́ Adìwé.

"Ó dáa, àbúrò mi. Ibo wá ló yẹ kó wà?"

Adìwé fa ìwé náà mọ́ra. Ó ṣí ewé kan, ó ṣí òmíràn. Ó wá àwo fífọ̀ náà nínú ìrántí rẹ̀, kò rí i. Ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì tó ka ìwé náà, bó bá ti kan iṣẹ́ ilé báyìí, fífò ló máa ń fò ó, kó lè tètè dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń sọ̀rọ̀.

Àwọn mẹ́ta tó ti kà á tán ń wò ó, wọ́n ń dúró kó sọ.