Kànga Tí Wọ́n Fọ̀ De Látífàt

Látífàt kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán nínú ọkọ̀ tí àwọn ará Ìpótì, ìlú rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀.

"Àgbọ̀nrín! Ṣé wàá sáré fún wa lónìí?"

"Ẹ káàárọ̀ o. Omi ni mo wá yẹ̀ wò."

"Omi ò sá lọ. Sáré díẹ̀ ná!"

Ó ti pẹ́ tó ti sáré fún yunifásítì rẹ̀, tó gba wúrà, tí orúnkún sì lé e kúrò lórí pápá. Fọ́tò rẹ̀ ṣì wà lára ògiri gbogbo mọ̀lẹ́bí ní Ìpótì. Lẹ́yìn náà ló kẹ́kọ̀ọ́ nípa omi àti àyíká, tó wá di ẹni tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, tó ń yẹ kànga wò. Kò sẹ́ni tó gbé fọ́tò ìyẹn kọ́.

Ìjọba fẹ́ gbẹ́ bọ̀hóò kan ṣoṣo ní agbègbè náà. Ìlú tí omi rẹ̀ bá burú jù lọ ló ni ín, òní sì ni wọ́n ń gba ìgò omi ìkẹyìn. Látífàt mọ kànga àdúgbò yìí láti kékeré. Ṣáláńgá wà lókè rẹ̀, inú sì máa ń run àwọn ọmọdé ní gbogbo ìgbà òjò. Bí òun bá ṣáà ti bu omi náà bó ṣe wà, bọ̀hóò di tiwọn nìyẹn.

Ó ṣí kànga. Omi mọ́ gaara bíi dígí. Òórùn kan sì gún un nímú.

"Bàbá, kí lẹ dà síbí?"

Bàbá Hàrúnà, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, rẹ́rìn-ín ìgbéraga. "Álọ́ọ̀mù ni, pẹ̀lú bílíìṣì. Láti àná la ti wà lẹ́nu ẹ̀. Àlejò kì í bá ulé wa lẹ́gbin."

"Èmi kì í ṣe àlejò!"

"O ti di àlejò. O kì í wálé."

"Bàbá, ẹ̀gbin yẹn gan-an ni mo wá bù!"

Ìyá Rebecca, ará ilé kejì, pàtẹ́wọ́. "Ó lọ sí yunifásítì, ẹ̀gbin ló ń wá kiri. Ìwọ ì bá dúró sídìí eré sísá."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Látífàt di orí mú.

"Bí ẹ bá fẹ́ lọ yẹ ibà wò lọ́sibítù, ṣé ẹ máa kọ́kọ́ lo oògùn ibà tán ni? Bí omi yìí bá mọ́, ìlú mìíràn ló ni bọ̀hóò!"

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró.

"Kànga ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wà nísàlẹ̀," Bàbá Hàrúnà sọ. "Omi kan náà ni. Àmọ́ Bọ́láwálé, ọmọ àdúgbò wa, ti ń gbé kẹ́ẹ̀gì bílíìṣì lọ síbẹ̀."

"Ẹ pè é!"

Wọ́n pè é. Fóònù rẹ̀ dún lójú fèrèsé, níbi tó ti ń gba iná.

"Ọkọ̀ ńkọ́?"

"Àgbàrá ti wó ọ̀nà yẹn."

Látífàt wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó bọ́ bàtà, ó ká aṣọ mọ́dìí, ó gbá ìgò mú, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

Igbe ta lẹ́yìn rẹ̀. "Ó ń sáré! Ẹ jáde wá wò ó!"

Orúnkún ń ta á. "Bọ́láwálé! Dúró!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bojú wẹ̀yìn, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé eré ló pe òun sí. Ló bá gbé kẹ́ẹ̀gì lé èjìká, òun náà sì bẹ́ sí eré.

"Má sáré! Ìwọ yìí, má sáré!"

Ẹnu kànga gan-an ni Látífàt ti já kẹ́ẹ̀gì gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó fa omi. Omi náà pọ́n, ó ń rùn, tanwíjí ń jó nínú rẹ̀. Omi tó dára jù lọ tó rí lọ́jọ́ náà nìyẹn. Ó bù ú sínú ìgò, ó sì dé e pa.

Àwọn èrò dé pẹ̀lú àtẹ́wọ́. Omi lé sójú Bàbá Hàrúnà. "Mo mọ̀ pé wàá sáré fún wa."

"Bàbá, ẹ wo tanwíjí. Ohun tí à ń mu nìyí."

"Mo rí i, ọmọ mi. Bọ́láwálé, ó lé ọ bá! Ṣé ojú ò tì ọ́?"

"Kẹ́ẹ̀gì ló wúwo," Bọ́láwálé fèsì. "Ká tún eré náà sá."

"Ẹ lè wá da bílíìṣì síbẹ̀ wàyí," Látífàt sọ. "Díẹ̀ ni o, kì í ṣe gbogbo kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ ẹ sì máa se omi kẹ́ ẹ tó mu ún."

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Wọ́n ti ń fi igi fa ìlà sílẹ̀, níbi tí òun àti Bọ́láwálé yóò ti bẹ̀rẹ̀ eré.