Ọkọ̀ Tí Kò Ní Ògiri Láàárín

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ pé òun fẹ́ sùn lójú omi. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní ọ́fíìsì kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún. Ó ní kí n ya ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan fún wa, èyí tí mọ́tò wa lè fà lórí tírélà kékeré tí a so mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ dé etí omi, tí àwa méjèèjì á lè sùn nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí a tó fà á padà sílé. Mo bi í bóyá ó rò pé bákan náà ni ilé àti ọkọ̀.

Ó ní, "Ọ̀gá Rúlà, ilé tó ń rìn ni. Ẹ sáà yà á."

Orúkọ tó máa ń pè mí nìyẹn nígbàkigbà tí ojú mi bá le.

Mo yà á. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìyọnu tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju ohun tí òfin ojú títì gbà lọ, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju ohun tí mọ́tò lè fà lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kó tó lè jókòó sórí tírélà, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ kò ní ohun tó dì í mú nínú omi. Ńṣe ni afẹ́fẹ́ á máa gbá a lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ewé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe pákó pẹlẹbẹ kan sí abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á sọ̀ ọ́ sínú omi bí wọ́n bá fẹ́ rìn, tí wọ́n á sì fà á sókè bí wọ́n bá fẹ́ gúnlẹ̀. Bí wọ́n bá fà á sókè, inú àpótí gíga tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń wọ̀. Àárín gbùngbùn ọkọ̀ sì ni àwọn èèyàn sábà máa ń gbé àpótí yẹn sí.

Aránṣọ ni ìyàwó mi. Kì í fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ oníbàárà láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ gé e ní bébà, kó sì gbé bébà náà lé ẹni náà lára. Ó ní bí a ṣe máa ṣe ọkọ̀ náà nìyẹn. A ti àga pálọ̀ sẹ́yìn sára ògiri, a tọrọ páálí fíríìjì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta fíríìjì, a sì fi páálí kọ́ inú ọkọ̀ náà bó ṣe máa tó gan-an: ibùsùn méjì, ibi sítóòfù, àti àpótí láàárín.

Ó wọlé, ó sùn sórí tirẹ̀. Èmi náà sùn sórí tèmi. Ó fi ìka kan àpótí náà, kó, kó.

Ó ní, "Ẹ kú àdúgbò o. Kí ni mo ṣe fún yín tí ẹ fi mọ ògiri sí àárín wa?"

Mo ní kì í ṣe ògiri, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ̀ nìyẹn. Ó ní láti ìgbà tí a ti ní fóòmù kan ṣoṣo lórí sìmẹ́ǹtì lòun ti ń sùn tì mí, òun ò sì lè bá mi dé ojú omi kí òun wá di ayálégbé.

Inú bí mi. Mo padà sídìí tábìlì. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀nà rẹ̀: mo gbé àpótí náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, sábẹ́ etí ibùsùn rẹ̀, mo gé pákó náà kúrú, mo mú un fẹ̀ sí i, mo sì kó kẹ́ẹ̀gì omi mímu lọ sápá ọ̀tún kí ọkọ̀ má baà tẹ̀. A tún páálí gé. Ó sùn, ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ kàn mí ní àyà.

Ó ní, "Ó dé ibẹ̀."

Àìsàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ayùn kan pákó. Kò pẹ́. Lẹ́yìn tí a sin ín, ọkọ̀ páálí náà ṣì wà ní pálọ̀, àwọn tó wá kí mi kú ọ̀fọ̀ ń yí i po láti wá ibi jókòó. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè.

Káfíńtà tó máa kan ọkọ̀ náà wá wo àwòrán. Díẹ̀díẹ̀ là ń pè é, nítorí kì í kánjú. Ó wò ó títí, ó ní iṣẹ́ méjì ni àpótí ẹ̀gbẹ́ yẹn, pé bó bá wà láàárín, ọkọ̀ á le sí i, á sì yá.

Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Nítorí ta ni a ṣe ń da ara wa láàmú?"

Bó ti sọ ọ́ tán ló wo ilẹ̀. Mo ní òótọ́ ló sọ, nítorí òótọ́ ni. Mo pa ilà náà rẹ́, mo dá àpótí padà sáàárín. Ibùsùn kejì á di ibi tí a ń kó ìgbòkun sí.

Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kó gé pákó láìjẹ́ pé a ti kọ́kọ́ gé páálí. Òfin ilé wa ni. Ní ọ̀sán Sátidé, mo gbé páálí gíga náà padà sáàárín, mo sì sùn sórí tèmi kí n lè wò ó bóyá ó gba apá. Ooru mú. Oorun gbé mi lọ. Nínú oorun ni mo na ọwọ́ bí mo ṣe máa ń nà án láti ìgbà èwe mi, ọwọ́ mi sì kan páálí.

Mo jí. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó yá, mo fi ìka kàn án, kó, kó.

Mo ní, "Ẹ kú àdúgbò."

Ìgbà tí ọmọ wa obìnrin dé, ó bá mi ní ìjókòó nínú páálí, tí mo ń fi ọ̀bẹ gé téèpù. Mo sọ fún un pé àpótí ń padà síbi tí ìyá rẹ̀ ní kó wà. Ó rán mi létí ohun tí káfíńtà sọ. Mo ní ohun tí mo bá yà ni káfíńtà máa kàn.

Kò jiyàn. Ó bọ́ bàtà, ó wọlé, ó sùn sórí ibùsùn ìyá rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta láti ọrùn ẹsẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò ga, òun ni mo sì wọn ibùsùn náà fún.

Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní ayàwòrán, ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

Mo ní, "Ta ló ní ìwọ ń bọ̀?"

"Ta ló máa bá yín gbé òpó ìgbòkun dìde? Ṣé Díẹ̀díẹ̀ ni? Ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dìde níjòókòó."

Ó na ọwọ́ láìwò mí, ó di etí apá ẹ̀wù mi mú. A wà bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé.

Lẹ́yìn náà mo lọ sídìí tábìlì, mo fi ìbú ọwọ́ méjì kún gígùn ibùsùn náà. Mo pe Díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù, mo ní ẹ̀gbẹ́ ni àpótí máa wà, kó bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó. Ó ní ó ti gbọ́, pé òun ò ní kánjú.

Mo ní lọ́tẹ̀ yìí, kó kánjú díẹ̀.