Ọmọ Omi Tó Fẹ́ Gun Òkè

Ìṣísẹ̀ igba ó lé mọ́kànlá ló wà láàárín gééti méjèèjì ní òpópó tí Ikúmápàyí ń gbé ní Bariga. Òun fúnra rẹ̀ ló kà á, ní ìdájí, nígbà tí ọyẹ́ bo gbogbo ilé bí èéfín ẹja, tí àwọn adìẹ pàápàá kò tí ì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Yóò sáré dé gééti kan, yóò fọwọ́ kan irin tútù, yóò yí padà, yóò sáré dé èkejì. Ogójì ìgbà láàárọ̀ kan. Sabina ìyàwó rẹ̀, ìyá Peculiar ọmọ wọn, tó ń ta ẹja yíyan létí omi, ní bí eku tó kó sí pàkúté ló rí lójú òun.

Ọ̀rọ̀ òkè ló fà á. Ikúmápàyí kò gun òkè rí láyé rẹ̀. Ìlàjẹ ni àwọn baba rẹ̀, ọmọ etí òkun, níbi tí ilé ń dúró lórí igi nínú omi. Kò kọjá ìwé kẹrin nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi fà á lọ kọ́ iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Shomolu, ìdí ẹ̀rọ tí ń gé pépà ló sì wà láti ìgbà náà. Ní ìparí ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, iṣẹ́ kan wọlé: ìwé ìpolówó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, fún eré ìje máìlì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lórí àwọn òkè kan lápá Èkìtì, nínú oṣù kìíní. Àwòrán òkè náà wà lórí rẹ̀, ó dúdú, ó ga, ìkùukùu jókòó lé e lórí. Bí abẹ ti ń gé ìwé náà ní ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún, ojú Ikúmápàyí kò kúrò lára òkè. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló ti fi ń lọ láti Bariga sí Shomolu, tó ń ti Shomolu padà sí Bariga. Nígbà tó gé èyí tó kẹ́yìn, ó sọ fún Lazarus tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé pé òun náà yóò sá eré náà.

"Ẹ̀yin?" Lazarus pa ẹ̀rọ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. "Bọ̀dá Ikú, ẹja kì í gun àgbọn o."

"Èyí tó máa gùn ún, ojú rẹ á rí i."

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín ná?"

"Méjìlélógójì."

"Ṣé ẹ ti sọ fún orúnkún yín?"

Ikúmápàyí kò rẹ́rìn-ín. Ó gba ọ̀rọ̀ náà, ó fi í pamọ́ síbi tó ń fi irú rẹ̀ pamọ́ sí. Láti ọjọ́ náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé pépà mọ́. Àjà kẹta ni ilé iṣẹ́ wọn wà. Yóò gbé dìpọ̀ pépà kan lé èjìká ọ̀tún, yóò gbé òmíràn lé ti òsì, yóò sì máa gun àtẹ̀gùn lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, yóò gba etí ọ̀sà lọ síbi tí àwọn tó ń wa yanrìn ń kó o jọ sí, yóò máa gun òkìtì yanrìn náà títí yanrìn yóò fi kún inú bàtà kánfáàsì rẹ̀. Ọyẹ́ bẹ́ ètè rẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ là, ó ń fi òrí pa á.

Ṣùgbọ́n eré máìlì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kọ́ lórí àtẹ̀gùn nìkan. Ojú títì ló yẹ kó wà ní ìdájí, torí aago méje niṣẹ́ ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń di alẹ́ kí wọ́n tó ṣíwọ́ nígbà iṣẹ́ kàlẹ́ńdà. Gééti kì í sì í ṣí ṣáájú aago mẹ́fà. Àwọn adigunjalè ló mú kí wọ́n gbé gééti sí òpópó náà láyé àwọn ológun. Àwọn ológun lọ, gééti dúró.

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ jáde ṣáájú aago mẹ́fà, kó kàn dúró lẹ́nu gééti kó pe Bàbá Munirat. Bàbá Munirat, ẹni tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Bámilóyè, ni àwọn onílé fi kọ́kọ́rọ́ gééti méjèèjì sí lọ́wọ́. Awakọ̀ ń pè é, alákàrà ń pè é, àwọn tó ń lọ kírun ń pè é. Ikúmápàyí nìkan ni kò lè pè é, torí ó ti bá a yan odì láti ọdún méjì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Ní òru ọjọ́ kan, àìsàn kọlu ìyá Ikúmápàyí. Ó pọ̀n ọ́n dé ẹnu gééti, ó pe Bàbá Munirat títí ohùn rẹ̀ fi há. Oorun ti gbé bàbá lọ. Kó tó jí, kó tó rí kọ́kọ́rọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí, ìdajì wákàtí ti lọ. Ìyá dákẹ́ lọ́nà. Dókítà ní ìdajì wákàtí yẹn kò lè yí nǹkan kan padà. Ikúmápàyí gbọ́, kò gbà. Lọ́jọ́ ìsìnkú ó búra lójú gbogbo ará ilé pé òun kò ní fi ẹnu òun pe ọkùnrin náà mọ́ títí ayé.

Ẹ lè ní kó fo gééti. Òfin àdúgbò ni pé ẹni tó bá fò ó, olè ni, kò sì sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ béèrè orúkọ olè kó tó gbé igi. Ẹ lè ní kó bá àwọn tó ń lọ kírun jáde. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Munirat na apá dí i lọ́nà, ó wo òfurufú, ó ní, "Ẹni tó pè mí ni mo ṣí i fún."

Bó ṣe di pé ó ń sáré láàárín gééti méjì nìyẹn. Ogún ìgbà láàárọ̀ ló ń dé gééti òkè, níbi tí bàbá máa ń jókòó sí pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lára, kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn. Bí Ikúmápàyí bá na ọwọ́, yóò kan kọ́kọ́rọ́ náà. Kò na ọwọ́.

Ọ̀sẹ̀ eré pé. Ìdájí ọjọ́ Ẹtì, ní aago márùn-ún ààbọ̀, ni bọ́ọ̀sì àwọn olùsáré yóò gbéra ní Palmgrove, kí wọ́n lè sá eré ní Sátidé.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín pè é," Sabina ní.

"O ò gbọdọ̀ dán an wò."

"Bàbá Peculiar, ẹnu mi kọ́ lẹ fi búra."

"Ẹnu ìyàwó mi, ẹnu mi ni."

"Ó dáa. Ká ní ẹ na gbogbo eré tí ẹ ti ń sá lójú kan yìí tààrà ni, ẹ̀ bá ti dé Èkìtì tipẹ́."

Lazarus ní kó wá sùn nílé òun ní Palmgrove lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó kọ̀. Ṣé kó sá kúrò nílé rẹ̀ kí bàbá yẹn lè ní òun lé e jáde?

Ní aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Ẹtì, ó dúró lẹ́nu gééti pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Bàbá Munirat wà lórí ẹní rẹ̀, ó ń run pákò. Òbúkọ rẹ̀ so mọ́ òpó, ó ń jẹ èèpo iṣu.

Ikúmápàyí kọjú sí ẹran náà. "Òbúkọ, sọ fún ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ pé ilẹ̀ ti ń mọ́."

Bàbá Munirat tu itọ́ pákò dànù. "Òbúkọ, sọ fún un pé mo ní ojú."

"Òbúkọ, sọ fún un pé bọ́ọ̀sì kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

"Òbúkọ, sọ fún un pé gbogbo àdúgbò ló mọ orúkọ mi. Ìwọ nìkan ni mo yọ̀ǹda fún pé kó o má pè mí, torí pé ẹran ni ọ́."

Ìpè ìrun gòkè láti ìhà Abúlé Òkúta. Àwọn ọkùnrin méjì pe bàbá, ó ṣí i fún wọn, ó tì í padà. Ikúmápàyí dúró síbẹ̀. Aago márùn-ún kọjá.

Lójijì bàbá yọ pákò lẹ́nu. Kò wo òbúkọ mọ́.

"Láti ọjọ́ ìyá rẹ, mi ò sùn nínú yàrá mọ́," ó ní. "Orí ẹní yìí ni mò ń sùn. Òjò bá mi níbí, ẹ̀fọn jẹ mí níbí. Mo ní kí ẹnikẹ́ni tó bá tún pè mí lóru má pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn ló ti pè mí, mo sì ti dá wọn lóhùn. Ó ku ìwọ."

Ikúmápàyí wo ẹní náà. Ojoojúmọ́ ló ń rí i, kò bi ara rẹ̀ léèrè rí ohun tí ẹní ń ṣe lẹ́nu gééti. Ìbínú ló kọ́kọ́ gbé e. Ta ló ní kí bàbá yìí sùn síta? Bí òun bá sọ odì yìí kalẹ̀, kí ni yóò kù lọ́wọ́ òun láti inú òru náà? Ó gbìyànjú láti rántí ojú ìyá rẹ̀, kò rí i. Ẹ̀yìn gééti ló rí, àti àgádágodo.

"Bàbá Munirat."

Ohùn náà há, bíi ti ọjọ́ yẹn.

"Mo gbọ́!" Bàbá ti dìde kí orúkọ náà tó tán. Kọ́kọ́rọ́ kò ṣìnà. Gééti ké, ó ṣí.

Orúkọ yẹn nìkan ni Ikúmápàyí ní lọ́kàn láti pè, kó sì tún pa ẹnu rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n bàbá bẹ̀rẹ̀: "O jíire o? Ìyá Peculiar ńkọ́? Ọmọ ńkọ́? Òtútù yìí kò mú yín jù?" Àgbà kì í kí ni ká má dáhùn, ìyá rẹ̀ kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìta, ó fi ọ̀kan tẹ ilé.

"Ìgbà wo lo ń bọ̀?"

"Ọjọ́ Àìkú. Lóru ni." Ó ti ń sáré. Ó pariwo láìwẹ̀yìn: "Ẹ lọ sùn nínú yàrá yín, bàbá!"

"Ta ni yóò wá ṣí i fún ọ?"

"Mo máa pè yín!"

Ó ti dé ojú ọ̀nà Pedro kó tó yé e pé òun ti ṣe ìlérí. Inú bí i gan-an. Ó fi ìbínú náà sáré dé Palmgrove, ó bá dírẹ́bà níbi tó ti ń ti ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, ó sì bẹ́ wọlé.