Iyọ̀ Ìbùkún Lórí Ebè Tẹ̀tẹ̀

Mobáyọ̀ kò kórìíra ohun kankan tó kí ènìyàn dúró sínú oko kó máa sọ̀rọ̀ dídùn. Ní ọ́fíìsì tó ti ń dáhùn fóònù àwọn tó ń ráhùn nípa owó omi, ọ̀rọ̀ dídùn ti kún etí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ ló kọ́kọ́ ń dùn lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní èyí. Ojú rẹ̀ ló fi rí i.

Oko tí à ń wí yìí wà ní Glenn Dale, ní ìpínlẹ̀ Maryland l'Amẹ́ríkà, obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Anna ló sì ni ín. Bí òtútù bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ ó san owó ìpín yín fún un. Láti ìgbà náà títí ooru yóò fi lọ, ẹ ó máa wá gba páálí kan ní gbogbo Sátidé, ohunkóhun tí oko bá mú jáde ló máa wà nínú rẹ̀. Àwọn Yorùbá kan láti Temple Hills àti àyíká rẹ̀ náà dara pọ̀. Wọ́n á gba páálí, wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ sórí Wásáàpù, wọ́n á wá gbé e sínú firíìjì títí yóò fi di omi. Ta ní fẹ́ jẹ kéèlì? Ewé tó le bí awọ bàtà!

Tẹ̀tẹ̀ ni Mobáyọ̀ bá wá. Anna fún ẹgbẹ́ wọn ní ebè gígùn kan pé kí wọ́n fi gbin ewébẹ̀ ilé wọn, ó sì là á mọ́lẹ̀ fún wọn: ebè tí wọn ò bá tọ́jú, òun yóò gbà á padà. Inú fúláàtì ni Mobáyọ̀, ìyá Tèmi, ń gbé ní Hillcrest Heights. Kọnkéré ló wà níwájú ilé, ibi ìgbọ́kọ̀sí ló wà lẹ́yìn. Bí ebè yìí bá bọ́, kò tún síbi tó ti lè ti ọwọ́ bọ ilẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Nítorí náà, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, òun ló ń tu koríko, òun ló ń bomi rin ewébẹ̀. Àwọn yòókù ń fi àwòrán ọwọ́ àdúrà ránṣẹ́ lórí Wásáàpù.

Alàgbà Akínlọ́lá ni olórí wọn, òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọkùnrin yìí kò ní sọ pé "ẹ jẹ́ ká bomi rin ewébẹ̀" bó bá lè sọ pé "ẹ jẹ́ ká jùmọ̀ ṣe ìríjú ogún tí Ẹlẹ́dàá fi sí ìkáwọ́ wa." Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Júláì, ó ní wọn kò tíì ya ebè náà sí mímọ́.

Ni wọ́n bá dé tàwọn ti aṣọ funfun. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to àga sílẹ̀. Ọláídé, ìyàwó Akínlọ́lá, ka ètò ọjọ́ náà: àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, orin, ọ̀rọ̀ ìkíni láti ẹnu alága, ọ̀rọ̀ ìyànjú láti ẹnu alága kan náà.

"Koríko títu ńkọ́?" Mobáyọ̀ béèrè. "Ibo ló wà nínú ètò?"

Ọláídé rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì Tèmi, ẹ máa ń ṣàwàdà jù."

"Èmi ò ṣàwàdà. Oòrùn ti ń le."

"Nǹkan ẹ̀mí ló ń ṣáájú, mọ́mì."

Nígbà tí wọ́n kọrin tán, Akínlọ́lá ní iyọ̀ ni wòlíì Èlíṣà fi wo omi Jẹ́ríkò sàn, iyọ̀ náà ni àwọn yóò fi bù kún ilẹ̀ yìí. Ó ṣí búùtù ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé àpò ńlá kan jáde. Mobáyọ̀ mọ àpò náà dáadáa. Iyọ̀ aláwọ̀ búlúù tí gbogbo Maryland ń dà síwájú ilé nígbà yìnyín ni, kẹ́nikẹ́ni má baà yọ̀ ṣubú. Èyí tó ṣẹ́ kù láti ìgbà òtútù ni alàgbà gbé wá fún Ọlọ́run.

"Brọ̀dá, iyọ̀ yìnyín mà nìyí."

"Iyọ̀ ni iyọ̀, Mọ́mì Tèmi. Ìgbàgbọ́ ló ń ṣiṣẹ́."

"Ṣé ìgbàgbọ́ yẹn ò lè ra iyọ̀ ọbẹ̀ ni?"

Àwọn kan fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Akínlọ́lá ò rẹ́rìn-ín. Ó bu iyọ̀ náà sínú ife fún olúkúlùkù, wọ́n tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè, wọ́n ń ṣe àmín, wọ́n sì ń dà á. Nígbà tó tán, wọ́n tún bu òmíràn. Mobáyọ̀ náà ṣe àmín. Kì í ṣe pé ó mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún gbòǹgbò. Ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ Akínlọ́lá jáde ni kì í wù ú. Ó kẹ̀yìn sí ebè, ó da iyọ̀ rẹ̀ sójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó rí i àfi Jesse, bàbá Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan tó ń gbin tòmátì lórí ebè kejì. Bàbá náà fara ti ọkọ́ rẹ̀, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo fíìmù.

Nígbà tí Sátidé mìíràn fi máa dé, ebè ti jóná. Tẹ̀tẹ̀ tó ti kan orúnkún ti gbẹ bíi tábà. Ewédú tí wọ́n gbìn mọ́ ọn kò sàn jù ú lọ. Ibi tí Mobáyọ̀ dúró sí lọ́jọ́ náà nìkan ló ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Anna káwọ́ gbera. "Kí ló ṣẹlẹ̀ síbí?"

Akínlọ́lá wú ikọ́. "Ó dùn wá láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n a fura pé atẹ́gùn gbé oògùn apakòkò wá láti ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa." Ó fi àgbọ̀n júwe Jesse.

Jesse ju ọkọ́ sílẹ̀. "Èmi? Mi ò fín oògùn rí! Àwọn ni mo rí tí wọ́n ń da nǹkan síbẹ̀!"

Ojú Anna yí padà. Ẹni tó bá fín oògùn nínú oko rẹ̀, ọjọ́ náà ló ń lọ. Gbogbo wọn ló mọ òfin yẹn, Akínlọ́lá náà mọ̀ ọ́n. Bí Mobáyọ̀ bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ á borí ti Jesse, Jesse á lọ, ebè á kù sí wọn lọ́wọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, ilẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ òun náà.

Ọláídé sún mọ́ etí rẹ̀. "Mọ́mì Tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ilé ni. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tẹ́ lójú òyìnbó."

"A ti tẹ́ látọjọ́ tí ọkọ yín ti ṣí búùtù."

Mobáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka ha ilẹ̀, ó na hóró búlúù sí Anna. "Iyọ̀ yìnyín ni. Àwa la dà á síbẹ̀. Jesse ò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá."

Akínlọ́lá fi èdè òyìnbó sílẹ̀, ó fi "ẹ" tó fi ń bọ̀wọ̀ fún Mobáyọ̀ náà sílẹ̀. "Bó bá jẹ́ iyọ̀ ni, kí ló dé tí apá ọ̀dọ̀ rẹ ò kú? Ẹ̀yin ará, ẹ wò ó! Gbogbo wa la da iyọ̀, tẹnìkan ṣoṣo ló yè. Ẹ bi í, kí ló ṣe?"

Àwọn ará sún sẹ́yìn. Obìnrin kan gbá báàgì rẹ̀ mọ́yà.

"Ojú ọ̀nà ni mo da iyọ̀ mi sí. Àbí ẹ fẹ́ pè mí ní àjẹ́ ni? Ẹ pè é kó dún! Àjẹ́ wo ló máa sanwó kí wọ́n máa fún un ní kéèlì?"

Anna ò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó rí hóró búlúù náà. Ó ní ebè ti kúrò lọ́wọ́ ẹgbẹ́ látòní. Páálí nìkan ni wọ́n á máa wá gbà. Ó yíjú sí Mobáyọ̀.

"Ìwọ náà rí wọn, o ò sì sọ fún mi títí gbogbo rẹ̀ fi kú."

"Òótọ́ ni."

"Fi omi fọ iyọ̀ yẹn jáde títí ooru fi máa lọ, kí ibi tó yè yẹn jẹ́ tìrẹ. Bí o ò bá lè ṣe é, màá gba gbogbo rẹ̀."

"Rọ́bà omi ò gùn débí."

"Garawa wà."

Àwọn yòókù gbé páálí wọn wọ inú ọkọ̀ tó tutù nini. Ẹnikẹ́ni ò kí i pé ó dàbọ̀.

Wọn ò rántí yọ ọ́ kúrò lórí Wásáàpù. Ibẹ̀ ló ti rí fídíò ìjọsìn Sunday tí Ọláídé fi síbẹ̀: Akínlọ́lá dúró níwájú ìjọ, ó ń jẹ́rìí pé ọ̀tá kọlu oko àwọn, ṣùgbọ́n Olúwa pa ìyókù kan mọ́. Ìjọ hó yèè. Mobáyọ̀ wò ó tán, ó pòṣé, ó lọ wá bàtà òjò rẹ̀.

Nígbà tí ìkórè ń bọ̀, Akínlọ́lá wá bá a lóko tòun ti bàtà funfun. Mobáyọ̀ ń pọnmi lọ, ó ń pọnmi bọ̀. Kò dúró.

"Mọ́mì Tèmi, ẹ kú iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ gbé ewébẹ̀ ilẹ̀ wa síwájú pẹpẹ. A ní ká wá gba díẹ̀ nínú ìyókù tí Olúwa pa mọ́."

"Garawa kejì wà nídìí ẹ̀rọ," Mobáyọ̀ ní. "Ẹ pọn ún kó kún."

Akínlọ́lá wo ẹrẹ̀, ó wo bàtà rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ìṣọ̀kan àti ìdáríjì, bí ìran tó ń bọ̀ ṣe ń wò wá. Mobáyọ̀ da omi sílẹ̀ gbàà. Ẹrẹ̀ ta, ọkùnrin náà fò sẹ́yìn, ìdáríjì sì já sí méjì lẹ́nu rẹ̀.

Akínlọ́lá gbé páálí kéèlì rẹ̀, ó lọ. Mobáyọ̀ padà sídìí ẹ̀rọ.