Ohun Tí Kúlísúmù Fi Sílẹ̀ Nínú Ẹ̀rọ Àtijọ́

Kò sí ohun tí í ṣí láti ibùgbé àtijọ́ lọ sí tuntun tí kì í já nǹkan sílẹ̀ lọ́nà. Ejò a máa bọ́ awọ, odò a máa da iyanrìn sí etí. Àwọn baba tó tẹ Ọ̀wọ̀ dó pàápàá kò lè sọ pé gbogbo ẹrù tí wọ́n dì ní Ifẹ̀ ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níhìn-ín. Ohun tó já bọ́ fúnra rẹ̀ kò lẹ́jọ́. Èyí tí Kúlísúmù, ọmọ Ṣéhù aránṣọ, jù sílẹ̀ ní Ọjọ́rú kan tí òjò òwúrọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ó mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀ ni.

Bàbá Gbọ́lá Akínfẹ́mi ló kó kọ̀ǹpútà méjì wọ ṣọ́ọ̀bù Kúlísúmù láàárín ìgboro. Ọ̀kan ti gbó, ó ń hó bí ìkòkò; èkejì ṣì wà nínú páálí, ẹ̀bùn Tẹniọlá, ọmọbìnrin bàbá náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olùkọ́ kan láti ìlú Imeri yóò wá gbé ògbólógbòó náà fún ilé ẹ̀kọ́ wọn.

"Ọmọ mi, wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí bí ìyá Ibtisam. Kó ohun tó wà nínú arúgbó yìí sínú ọmọdé yìí fún mi. Kó o sì ṣọ́ra kí ọmọdé náà má jogún ìgbàgbé mi."

"Ẹ jókòó, Bàbá."

Bàbá kò dá a mọ̀. Híjáàbù, ọmọ mẹ́rin àti ọdún mọ́kàndínlógún ti bo ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ó mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n Kúlísúmù ti dá a mọ̀ kí gbólóhùn àkọ́kọ́ tó parí. Ohùn yẹn kò tíì kúrò létí rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti sọ níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí pé: "Ọwọ́ Kúlísúmù Ṣéhù ni fáìlì náà wà kẹ́yìn."

Fáìlì ilẹ̀ kan ló sọnù nígbà náà, ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí Gbọ́lá ti ń ṣe àbójútó àwọn fáìlì, tí Kúlísúmù sì ń tẹ̀wé lábẹ́ rẹ̀. Kúlísúmù kò fọwọ́ kan fáìlì náà rí. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ṣéhù baba rẹ̀, tí àwọn olóyè ń gbé aṣọ wá fún, di ẹni tí wọ́n ń tọ́ka sí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ló ta ilẹ̀ onílẹ̀. Títí ó fi kú, kò dúró ní ìlà iwájú mọ́. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ó tan ẹ̀rọ àtijọ́ náà. Àwọn àwòrán kéékèèké tò sójú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Ohun Tí Mo Rántí.

"Kí ni èyí, Bàbá?"

"Ìgbésí ayé mi. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kọ ọ́. Dókítà ní ọpọlọ mi ń jò, mo ní kí n tètè gbọ́n omi rẹ̀ sínú nǹkan mìíràn."

"Ṣé ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn?"

"Ta ni yóò ṣe é fún mi?"

Ọkàn Kúlísúmù tutù bí ti ẹni tó mu omi àmù. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè. Ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Àwòrán tó bá ní ọfà kékeré nídìí kì í ṣe ohun náà gan-an, atọ́nà lásán ni. Ẹni tó bá hú pátákó tí a kọ orúkọ ìlú Ute sí lẹ́bàá títì, tó gbé e lọ sílé, kò gbé Ute lọ. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ni í ṣe àṣìṣe yìí, Kúlísúmù a sì máa fi sùúrù tọ́ wọn sọ́nà. Lónìí, ó ní: "Bàbá, ẹ fi ọwọ́ ara yín tọ́ka sí èyí tí ẹ fẹ́ kí n kó."

Bàbá na ìka. Àwòrán ọlọ́fà ni ó tọ́ka sí. Kúlísúmù mú un. Kò mú ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó kó fọ́tò àwọn ọmọ-ọmọ àti orin ìjọ dé ẹyọ tó kẹ́yìn. Ó fi ètò ìtẹ̀wé tuntun sínú ẹ̀rọ tuntun, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé kò mọṣẹ́. Kò ka ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé náà. Ó ti búra pé òun kò ní í mọ ohun tí ọ̀tá òun rántí. Lẹ́yìn náà, ó pa inú ògbólógbòó rẹ́ láìkù síbì kan, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà fi òfo kọ gbogbo ara rẹ̀, kí ọlọ́gbọ́n kankan má lè jí i padà. Wákàtí mẹ́ta ni ìyẹn gbà. Bàbá sùn lórí àga. Kúlísúmù ń wò ó, ó ń ro ọjọ́ tí yóò ké pe ìgbésí ayé rẹ̀ tí kò ní í gbọ́ ìdáhùn, ìrònú náà sì ń dùn lọ́kàn rẹ̀ ju oyin lọ.

Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni Dominic, olùkọ́ ará Imeri, dé. Ó so ẹ̀rọ náà mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà.

"Ṣé kò sí àṣírí àgbà nínú rẹ̀ tí àwọn ọmọ wa yóò kà?" ó béèrè, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́," Kúlísúmù dáhùn.

Bàbá jí. Ó rí orúkọ ìwé rẹ̀ lójú ẹ̀rọ tuntun, inú rẹ̀ dùn.

"O ṣeun. Ó ku ẹyọ kan. Bá mi tẹ orí kẹrìnlá jáde, ọ́fíìsì wa àtijọ́ ni mo ń gbé e lọ lọ́la. Ọmọ kan wà, Kúlísúmù Ṣéhù. Ọ̀gá mi ló gba fáìlì kan, ó tilẹ̀ fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà á. Mo bẹ̀rù rẹ̀, mo sì na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ. Ikán ti jẹ ìwé náà, àmọ́ mo ti ya fọ́tò rẹ̀ sínú orí náà. Láìsí i, ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ arúgbó tó ń gbàgbé? Mo ti wá ọmọ náà títí. Bóyá o mọ̀ ọ́n? Ìgboro yìí ni baba rẹ̀ ti ń ránṣọ."

Kúlísúmù tẹ àwòrán náà. Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ náà ní òun kò rí ohun tó ń tọ́ka sí.

"Kò sí níbẹ̀, Bàbá."

Àgbà náà wo ìka ara rẹ̀.

"Èmi ni mo tọ́ka síbi tí kò yẹ. Ìwọ kò jẹ̀bi. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwọ lo sọ ọ́ nù."

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń retí gbólóhùn yẹn lẹ́nu ọkùnrin yìí. Ó la ẹnu láti sọ orúkọ ara rẹ̀. Ó rí i pé bí ó bá sọ ọ́, yóò ní láti sọ ìyókù. Ó pa ẹnu dé, ó sì mọ bí ẹnu Gbọ́lá ti wúwo tó níwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà.

Bàbá Gbọ́lá lọ sí ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fún un ní àga, wọ́n béèrè ìwé, kò rí ìwé mú jáde. Ó kú ní oṣù kẹjọ lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà tí kò mọ orúkọ Tẹniọlá mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ wà láàyè, ó ti joyè. Àwọn ọmọ Imeri ń fi ògbólógbòó náà kọ́ ìtẹ̀wé. Ibtisam, ọmọ Kúlísúmù, ti wọ yunifásítì. Kúlísúmù ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì náà, òun ló sọ fáìlì nù.