Ṣíbí Oyin Ìdúpẹ́

Nígbà tí ọrùn Olúwapamílẹ́rìn tí ó wú rọlẹ̀, ẹ̀jẹ́ tí Fọláwùmí ìyá rẹ̀ jẹ́ ni ó gba ọkàn rẹ̀ kan. Mashako, àrùn ọ̀fun tí ń dí ọmọdé ní èémí, ti pa ọmọ ní àdúgbò Hotoro. Òun sì ti ṣèlérí pé bí tòun bá yè, Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ ni òun yóò mú un wá dúpẹ́.

Ìdúpẹ́ ní ìlànà nínú ìjọ Àládùúrà wọn ní Sabon Gari. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ni yóò kọ́kọ́ lá oyin; ṣíbí kan náà ni yóò sì gba ẹnu gbogbo ọmọdé kọjá, kí ìwòsàn lè kárí.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bushrat, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú ọmọ náà, bá Fọláwùmí níbi tí ó ti ń lọ aṣọ funfun.

“Ìyá Pamílẹ́rìn, níbo lẹ ń múra lọ?”

“Ìdúpẹ́ ni, Áńtí; òun àti àwọn ọmọ ìjọ yóò fi ṣíbí kan lá oyin. Ẹ wò ó bí ó ti ń fò kiri bí ewúrẹ́ tí ó já okùn.”

“Na warke!” ni ọmọ náà fi Hausa pariwo: ara òun ti dá.

Bushrat kò rẹ́rìn-ín. “Ara dá lóòótọ́, ṣùgbọ́n àrùn ṣì lè wà lọ́fun. Èémí àti itọ́ ni ó ń bá dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí ó lo oògùn rẹ̀ tán ná, kí a sì tún yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò. Ooreọ̀fẹ́ ńkọ́? Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára?”

Fọláwùmí wo àbíkẹ́yìn rẹ̀ tí ń tẹ̀lé ògiri rìn. “Kò tíì gbà á.”

“Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín.”

Fọláwùmí tọ Àlàgbà Obadiah lọ pé kí wọ́n sún ìdúpẹ́ síwájú. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

“Ọlọ́run wò ó sàn tán, nọ́ọ̀sì ní kí Ó dúró de àyẹ̀wò? Ọmọ mi, ẹni tí kò san ẹ̀jẹ́, ohun tí ó gbà lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Ẹ̀rù yìí ni ó borí ẹ̀rù tí ọ̀rọ̀ Bushrat dá bà á.

Ní ọjọ́ kejì, Pamílẹ́rìn lá oyin. Orin gba ilé kan. Obadiah nu ṣíbí mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó sì mú un yíká. Nígbà tí ó kan Ooreọ̀fẹ́, Fọláwùmí fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ọmọ náà.

“Àbúrò ẹni tí a ń dúpẹ́ fún ni kò ní lá?” ni Obadiah wí.

Gbogbo ojú yí sí i. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

Ìsìn parí, àwọn òbí kó ọmọ wọn lọ sílé ní àdúgbò Brigade àti Yankaba, tayọ̀tayọ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ooreọ̀fẹ́ kọ ọmú. Bushrat tan iná sí i lẹ́nu: awọ aláwọ̀ eérú ti ń bo ọ̀fun.

“Ẹ gbé e, ilé ìwòsàn yá! Ta ni ó tún lá nínú ṣíbí náà?”

“Àwọn ọmọ Àpèkẹ́,” ni Fọláwùmí wí bí wọ́n ti ń wọ adaidaita, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. “Ọmọ Seth. Praise. Ìmọ́lẹ̀olúwa…”

Títí kẹ̀kẹ́ náà fi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, kò tíì dárúkọ wọn tán.