Ewéko Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Ọjọ́ Jímọ̀

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi láre, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: èmi ni mo jẹ̀bi. Bàrákàt ni orúkọ mi. Òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta irun ní Rye Lane, nílùú ọba níbí, ni ibi iṣẹ́ wa wà. Àkọsílẹ̀ ewéko gbígbẹ la máa ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Àwọn tó já ewéko wọ̀nyí ti kú tipẹ́. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, wọ́n sì kọ ibi tí wọ́n ti rí i sí ìsàlẹ̀, ìkọ̀wé bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Tiwa ni ká wo fọ́tò páálí náà, ká tẹ ohun tó wà níbẹ̀.

Aunty Látífàt ló mú mi wọ iṣẹ́ náà. Mọ́ṣáláṣí kan náà là ń lọ. Ọdún méjì ni mo ti fi gbálẹ̀ ọ́fíìsì kiri kí wọ́n tó lọ bá Malachi, ọ̀gá wa, pé ọmọ àwọn ni mí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni wọ́n. Wọ́n máa ń sún mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn ewé náà, wọn kì í sì í ṣi nǹkan kan tẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n máa ń lọ kírun. Malachi kò kọ̀, ṣùgbọ́n iye páálí tó yẹ kéèyàn ṣe lójúmọ́ kò dín. Nítorí náà, Jímọ̀ tí mo bá wà lẹ́nu nǹkan oṣù, tí n kò lè kírun, mo máa ń jókòó sídìí ẹ̀rọ wọn, mo sì máa ń ṣe é lórúkọ wọn. Ta ló máa rí àgbà tó ń sáré láàárín iṣẹ́ àti ìrun tí kò ní ràn án lọ́wọ́? "Aunty, ẹ máa lọ jàre, màá bá yín cover ẹ̀." Wọ́n á máa gbàdúrà fún mi títí wọ́n á fi sọ̀ kalẹ̀ tán lórí àtẹ̀gùn.

Nígbà tó yá, àwọn tó ń gbéṣẹ́ fún wa kó fọ́tò ewéko ìgbẹ́ kan wá, olódòdó pupa kékeré, tí kì í hù níbòmíràn ju inú àfonífojì jíjìn kan nínú aginjù Amẹ́ríkà. "Ó gbọ́n," ni Aunty wí. "Ó wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní bá a du ilẹ̀."

Àwọn tó já ewéko náà ya ọ̀lẹ. Bí wọ́n bá já mẹ́wàá níbì kan, orí páálí àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń kọ ibẹ̀ sí. Lórí ìyókù, wọ́n á kàn kọ "ibi kan náà". Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ gbọ́dọ̀ wá páálí àkọ́kọ́ ẹni tó já a gan-an rí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, Aunty ló kọ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ebi ń pa mí, iṣẹ́ tó kù pọ̀, mo wá ń da ibi tó wà lórí páálí tó ṣáájú kọ, láìwo orúkọ ẹni tó já a. Ẹlòmíràn ló já èyí tó ṣáájú yẹn, ẹnu àfonífojì lápá ìlà oòrùn ló sì ti já a, kì í ṣe inú lọ́hùn-ún. Páálí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo bà jẹ́.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, onímọ̀ ewéko kan ní Amẹ́ríkà, Bethany, gbẹ́kẹ̀ lé àkọsílẹ̀ wa. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wá ewéko náà kiri nínú oòrùn, kò rí ẹyọ kan. Díẹ̀ ló kù kó kọ̀wé pé ewéko náà ti run, kó tó fi àkọsílẹ̀ wa wé àwọn páálí náà. Lẹ́tà tó kọ sí wa kò gùn, ṣùgbọ́n ó ta.

Malachi pè wá jọ. "Aunty, ẹ má bínú o, no offence. Thirty-one records, gbogbo ẹ̀ under your name. Àwọn tó gbéṣẹ́ fún wa ní àwọn ò fẹ́ kí ẹni tó ṣe é touch iṣẹ́ àwọn mọ́."

Aunty wo ojú kọ̀ǹpútà títí. Mo ń retí kí wọ́n yíjú sí mi. Wọn kò yíjú. "Ojú mi ni," wọ́n wí. "Ẹ jọ̀ọ́, sorry."

Mo rántí ìgbálẹ̀ aago mẹ́rin ìdájí, mo sì panu mọ́. Lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n dá Aunty dúró.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń sá fún wọn ní mọ́ṣáláṣí. Mo ń parọ́ fún ara mi pé wọn ò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì náà. Ní Sátidé kan, wọ́n pè mí wá sílé wọn ní Nunhead. Wọ́n bu ìrẹsì fún mi, wọ́n sì gbé lẹ́tà kan sí iwájú mi.

"Eye clinic ló kọ ọ́. Bá mi kà á, mi ò trust ara mi mọ́."

Mo kà á. Kò sí nǹkan kan tó ṣe ojú wọn. Mo rò pé inú wọn á dùn, àfi bí wọ́n ṣe rọra jókòó.

"Tí kì í bá ṣe ojú, a jẹ́ pé ọpọlọ mi ni. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ lára ìyá mi nìyẹn. Nígbà tó fi máa kú, kò mọ orúkọ mi mọ́."

Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. "Aunty, kì í ṣe ẹ̀yin. Èmi ni. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ẹ ti lọ kírun."

Wọ́n gba lẹ́tà náà lọ́wọ́ mi. "O wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń bẹ Malachi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Màá lọ sọ fún un, wọ́n á gbà yín padà..."

Wọ́n fọwọ́ dá mi dúró. Iṣẹ́ tí mo rò pé mo gbà lọ́wọ́ wọn kò tilẹ̀ sí lọ́kàn wọn. Fóònù ni wọ́n ń wá. Wọ́n pe ọmọbìnrin wọn.

"Kíkí, ilé àwọn arúgbó tí mo ní kí o bá mi wá yẹn, má wá a mọ́. Orí mi pé. Kíkí, ṣé o gbọ́? Orí mi pé."

Wọ́n bú sẹ́kún. Èmi kò lè gbé ojú mi sókè.